Orí Keje: Ẹ̀yìn Ríro tí Kì í Ṣe Jẹ̀dí

Bí ẹ̀yìn bá ń ro bàbá àgbàlagbà kan ní Gànmọ́, orúkọ àìsàn náà á ti wà nílẹ̀ kí bàbá tó jókòó tán. Ìyàwó rẹ̀ á ní jẹ̀dí ni, ṣebí nǹkan dídùn ló jẹ lánàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní làkúrègbé ni. Ọmọ rẹ̀ á ní ebè iṣu tí bàbá ń kọ ló fà á, pé bàbá kì í gbọ́ tí a bá ní kó sinmi. Bó bá jẹ́ inú ló ń run ún, oníkẹ́míìsì ẹ̀bá títì á ti so ibà pọ̀ mọ́ taifọ́ọ̀dù, á sì ti máa ka oògùn sínú ọ̀rá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú wọn á gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn àgbẹ̀ ń ro lóòótọ́, ibà sì pọ̀ lágbègbè wa. Ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á ṣì í ni mo fẹ́ sọ nínú orí yìí, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn kì í fún ènìyàn láyè láti padà wá tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá kan, ẹni ọdún 68, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń dáko díẹ̀díẹ̀ lọ́nà Ìdọ̀fìàn. Ó mu sìgá fún ọgbọ̀n ọdún kó tó jáwọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbà tówó bá wà ló sì ń lo oògùn rẹ̀. Ó dìde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé búútà, nǹkan kan sì já nínú rẹ̀ láàárín ìbàdí àti ìhà òsì, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un láti ẹ̀yìn. Òógùn tútù bò ó lójú. Òòyì kọ́ ọ, ó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà, omi àlùwàlá sì dà nù. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó ti jí. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ó ti ń rọlẹ̀. Wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, wọ́n fi òrí pa á lẹ́yìn, wọ́n ní kó sùn.

Ìfẹ́ ni gbogbo ohun tí ilé náà ṣe. Ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n fi ń pa òrí yẹn gan-an ni wákàtí tí ẹ̀mí bàbá wà lọ́wọ́ ènìyàn. Kí n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó bẹ́.

Olórí iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní aorta, inú ọkàn ló ti jáde. Ó gòkè díẹ̀, ó ṣẹ́rí padà, ó wá gba iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wọ inú ikùn títí tó fi dé déédéé ìdodo, níbi tó ti pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ikùn àgbàlagbà, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, bí àtàǹpàkò ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín, sí ìfun, sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Bí ọkàn bá ti lù, ògiri iṣan yìí á nà díẹ̀, á sì tún súnkì, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́ á ti rí túùbù tó yọ kókó. Ibi kan lára rọ́bà ti kú, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ sì ń wá ibi tó rọ̀ jù láti tì. Bí kókó náà ṣe ń tóbi ni rọ́bà ibẹ̀ ń fẹ́lẹ́, bó sì ṣe ń fẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ tún ń rí i tì sí i. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ irú túùbù bẹ́ẹ̀ kún. Bí ògiri olórí iṣan ṣe máa ń wú gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ìbú rẹ̀ nínú ikùn bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, àwọn dókítà á pè é ní aneurysm. Bó bá tó 5.5 lára ọkùnrin, tàbí 5 lára obìnrin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, ewu pé kó bẹ́ ti ju ewu iṣẹ́ abẹ náà lọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ibẹ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, kì í sábà ro ènìyàn, kì í yún un, kì í dí i lọ́wọ́ oúnjẹ tàbí oorun.

Ọkùnrin tó ti lé ní ọdún 65 ló máa ń mú jù, sìgá sì ni igi tó ń koná mọ́ ọn jù. Ewé tábà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn lágbègbè Ìṣẹ́yìn lè má jọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń jẹ okun tó mú ògiri iṣan le, ó sì ń jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí ènìyàn ti jáwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń tì í lẹ́yìn. Ó ń rìn nínú ẹbí: ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní i rí, ó yẹ kí wọ́n wo tirẹ̀ náà. Àwọn obìnrin tó ń ní i kò pọ̀ tó ọkùnrin, ṣùgbọ́n tiwọn tètè máa ń bẹ́ nígbà tí kò tíì tóbi púpọ̀.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Òótọ́ ni. Mo sì gbà pé òótọ́ yìí gan-an ló ń pa àwọn tó bá ní i nínú wa, nítorí pé ohun tí ọkàn dókítà kò lọ sí, ojú rẹ̀ kì í rí i. Àwọn bàbá wa ti ń pẹ́ láyé ju ti àtijọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti gba ìlú kan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà mìíràn tún wà tí iṣan fi ń wú. Kòkòrò àìsàn lè jẹ ògiri rẹ̀, àwọn dókítà ní South Africa sì ti kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kòkòrò HIV wà lára wọn tí iṣan ńlá wọn ń wú láìjẹ́ pé ọjọ́ orí wọn tó nǹkan. Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi lé àìsàn yìí jáde lọ́kàn.

Ó yẹ ká padà sọ́dọ̀ bàbá wa lórí ẹní rẹ̀.

Kì í ṣe inú gbalasa ikùn, níbi tí ìfun wà, ni olórí iṣan wà. Ẹ̀yìn awọ tó bo ìfun ló wà, ó fara ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bó bá bẹ́ síwájú, sínú gbalasa yẹn, kò sí ohun tó máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dé ilé ìwòsàn láàyè, ẹ̀yìn ló bẹ́ sí, lápá òsì. Ibẹ̀ há. Ẹ̀jẹ̀ tó tú jáde kò ráyè lọ jìnnà, ó dì, ó sì ń ti ojú ihò náà padà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀ ló mú kí bàbá dákú, wíwálẹ̀ yẹn náà sì dín agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde kù. Bí ẹni fi èkísà dí ihò kèrègbè ni. Bàbá á jí, ojú rẹ̀ á là, á tọrọ omi, àwọn ará ilé á sì dúpẹ́. Èkísà yẹn lè dúró fún wákàtí mélòó kan, ó sì lè yọ nígbà tí bàbá bá gbìyànjú láti dìde lọ sí ilé ìgbẹ́.

Nínú ẹni mẹ́wàá tí olórí iṣan wọn bẹ́ nínú ikùn, nǹkan bí mẹ́jọ ló ń kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní dé ilé ìwòsàn rárá. Kódà nínú àwọn tó dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ohun gbogbo pé sí, bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni iṣẹ́ abẹ láti iwájú ikùn kì í gbà là. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1970, Charles de Gaulle, tó ti jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Faransé, jókòó nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ta káàdì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ó ní ó ń dun òun níbẹ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tó fi dákẹ́: olórí iṣan rẹ̀ ló bẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Agbára àti oyè kò ní nǹkan í ṣe sí ti èyí tó bá bẹ́ síwájú. Ti àwọn tó bẹ́ sẹ́yìn, tí èkísà dí fúngbà díẹ̀, ló wà lọ́wọ́ wa, àwọn sì ni mo ń tìtorí wọn kọ orí yìí.

Àwọn ìwé ìṣègùn kọ àmì mẹ́ta sílẹ̀: ìrora ikùn tàbí ẹ̀yìn tó dé lójijì, ìfúnpá tó já wálẹ̀, àti kókó tó ń lù kì-kì nínú ikùn. Mo bẹ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń ka ìwé yìí: ẹ má ṣe dúró de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tó ìdajì àwọn aláìsàn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pé sí lára. Ẹni tó sanra, a kì í fọwọ́ kan kókó kankan nínú ikùn rẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ jìnnà, kókó náà kì í lù dáadáa mọ́. Ìrora ni ó sábà máa ń wà, òun ni a sì ń sọ lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìrora yìí gan-an kì í jókòó síbì kan. Ó lè sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ìtan tàbí sínú kóró ẹpọ̀n, kí a pè é ní ìpá. Ó lè wà lókè ikùn, kí a pè é ní ọgbẹ́ inú. Ìgbẹ́ á máa gbọ̀n ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan yà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́yìn ìfun ló ń tì í. Èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ̀dí túbọ̀ jọ òótọ́ lẹ́nu ìyá ilé, a kò sì lè bá a wí. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á tutù, kò ní lè dúró lé e. Àwọn tí orúkọ wọn kárí ayé náà kò bọ́ nínú ẹ̀tàn yìí. Ní ìparí ọdún 1948, Dókítà Rudolph Nissen la ikùn Albert Einstein ní Brooklyn, ó sì bá olórí iṣan tó ti wú tó ọsàn ńlá kan. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó tíì gé irú iṣan bẹ́ẹ̀ kúrò kó fi òmíràn dípò. Paris ni Charles Dubost ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1951. Ohun tí Nissen rí ṣe ni pé ó fi ọ̀rá sẹlofénì wé iṣan náà, kí ara lè gbé àpá tó le dìde yí i ká. Einstein lo ọdún mẹ́fà àti oṣù mélòó kan sí i. Nígbà tí iṣan náà wá bẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1955, ìrora rẹ̀ jọ ti òróòro tó wú débi pé ọkàn àwọn dókítà lọ síbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mọ́, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ẹni ọdún 76.

Bí wọ́n bá gbé bàbá wa dé ilé ìwòsàn kékeré kan, ohun mẹ́ta tún wà níbẹ̀ tó lè fọkàn àwọn òṣìṣẹ́ balẹ̀ láìtọ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ìfúnpá. Bàbá tí ìfúnpá òkè rẹ̀ máa ń jẹ́ 160 tàbí 170 lójoojúmọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, ó jẹ́ 110. Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín músẹ́: “Bàbá, BP yín mà dáa lónìí o.” Kò dáa rárá. Lára ọ̀dọ́ ni 110 ti dáa. Lára bàbá yìí, ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ síbì kan tí a kò rí. Ẹni tó bá ń tọ́jú àgbàlagbà gbọ́dọ̀ béèrè pé mélòó ni ó máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ tó ń bá bàbá gba oògùn ló sì sábà máa ń mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni PCV, àyẹ̀wò tí gbogbo wa fẹ́ràn láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti tán lára. Bí a bá da ìdajì ògì nínú ìkòkò nù, ìdajì tó kù kò tíì ṣàn ju bó ṣe wà lọ. Ó di ìgbà tí a bá bu omi sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe ń rí ní wákàtí àkọ́kọ́: PCV lè jẹ́ 38, kí bàbá ti pàdánù lítà ẹ̀jẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtọ̀. Wọ́n lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ pé òkúta ló wà nínú kíndìnrín, kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ìrora, kí wọ́n sì ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí òkúta kíndìnrín kò ṣe rí láyé rẹ̀, tó wá sọ pé ìhà òsì ń pa òun lónìí: ẹ wo olórí iṣan rẹ̀ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ òkúta gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Báwo ni a ṣe ń wò ó? Ọwọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún méjèèjì sókè kí ikùn lè rọ̀. Kí oníṣègùn jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó má baà dẹ́rù ba bàbá, kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí òkè ìdodo, díẹ̀ sápá òsì, kó rọra máa tẹ̀ ẹ́ wọlé bí bàbá bá ti ń mí jáde. Lára ènìyàn tó rù, a máa ń gbọ́ lílù iṣan lábẹ́ ọwọ́ bó tilẹ̀ wà ní àlàáfíà, nítorí náà lílù nìkan kọ́ là ń wá. Ohun tí à ń wá ni ibi tí ìka ń lọ. Bí ìka ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì bá jọ ń gbéra sókè pọ̀, a jẹ́ pé ohun kan ló wà lórí iṣan tí lílù rẹ̀ ń gbé sókè. Bí ìka méjèèjì bá ń ya kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, tí ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún, tí èkejì ń lọ sósì, nígbà gbogbo tí ọkàn bá lù, iṣan fúnra rẹ̀ ló gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́. Tí a bá rọra ṣe é báyìí, kò léwu. Ti ẹni tó ń fi gbogbo agbára ra ikùn bàbá pẹ̀lú òróró ló yàtọ̀.

Bí ọwọ́ bá rí i, ó dáa. Bí ọwọ́ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Níbí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí lọ́kàn, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn láti Gànmọ́ títí dé Ọ̀mù-Àrán àti Èsìẹ́ gbọ́. Ẹ̀rọ tó lè rí àìsàn yìí ti wà lọ́wọ́ wa. Síkáànù tí àwọn aboyún ń lọ ṣe, èyí tí wọ́n fi ń wo bóyá ọmọ forí sọ̀kalẹ̀, òun náà ló ń rí olórí iṣan. Ọwọ́ ẹ̀rọ kan náà ni, jẹ́ẹ̀lì kan náà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì wọn ìbú iṣan nínú ikùn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í mú láti sọ bóyá ó wú tàbí kò wú, kì í sì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ sínú yàrá aboyún nígbà tí bàbá ń jẹ̀rora ní yàrá kejì?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí a ó rí. A ó fi ọwọ́ ẹ̀rọ náà sí abẹ́ egungun àyà, ní àárín gbùngbùn, a ó dá a ní ìbú. Lójú ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tí a ó wá ni egungun ọ̀pá ẹ̀yìn: ìlà funfun kan tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí òkùnkùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkè ìlà funfun yẹn gan-an ni olórí iṣan jókòó sí, ó rí roboto, inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń lù. Iṣan kejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún bàbá, tó ń kó ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, rọ̀, ó máa ń pẹlẹbẹ bí a bá tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́ ọn. A kò gbọ́dọ̀ fi í pe olórí iṣan. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa sún ẹ̀rọ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdodo, níbi tí roboto kan ti di méjì. A kò gbọ́dọ̀ dúró lágbedeméjì, nítorí ìsàlẹ̀ kíndìnrín ló sábà máa ń wú sí. Bí afẹ́fẹ́ inú ìfun bá dí wa lójú, a ó rọra tẹ̀ ẹ́, a ó sì ní sùúrù.

Pàkúté kan wà níbi wíwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú iṣan tó wú, àwọ̀ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ sì dà bí eérú. Ẹni tó bá wọn ibi dúdú àárín nìkan lè rí sẹ̀ǹtímítà 2.5, kó ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ láti etí òde dé etí òde ó lè tó 7. Etí òde sí etí òde ni a ń wọ̀n.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ó yé wa: síkáànù kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó tú sẹ́yìn dáadáa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé iṣan wú ṣùgbọ́n òun kò rí ẹ̀jẹ̀ tó tú, pé kí bàbá lọ sinmi. Bí àgbàlagbà bá ní ìrora tuntun, tó dákú tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, tí síkáànù sì fi hàn pé iṣan rẹ̀ wú, ó ti bẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a gbà á, títí tí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ju tiwa lọ yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. CT scan ni ẹ̀rọ tó ju tiwa lọ yẹn. Wọ́n á fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ hàn, ẹ̀rọ á sì fi ihò náà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé, àti bí iṣan ṣe tẹ̀ hàn kedere. Àwòrán yìí ni dókítà tó fẹ́ ti inú iṣan ìtan gbé àwọ̀n onírin tí aṣọ bò lọ dí ihò láti inú nílò, ọ̀nà tí Juan Parodi kọ́kọ́ gbà tọ́jú àìsàn yìí ní Buenos Aires lọ́dún 1990. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń já wálẹ̀ lójú wa, tí kò lè dáhùn mọ́, kò yẹ kó kú sínú ẹ̀rọ àwòrán. Síkáànù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó fún un, yàrá iṣẹ́ abẹ ló kàn.

Láti Gànmọ́, Ìlọrin kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ojú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ló wà, lápá kejì ìlú, ẹni tó bá sì fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ la ìlú kọjá. Ọ̀nà yẹn wà lára ìtọ́jú. Ohun tí a bá ṣe sí bàbá kó tó wọ ọkọ̀ lè yọ èkísà náà. Ọkàn nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún un pé kó sáré fa omi lítà méjì tàbí mẹ́ta sí bàbá lára kí BP lè gòkè. Ẹ̀rù tó ń bà wá ló ń mú wa ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá gòkè, á ti èkísà jáde, omi náà á sì la ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì. Níwọ̀n ìgbà tí bàbá bá ń dáhùn bí a bá pè é, ìfúnpá òkè tó wà láàárín 70 sí 90 tó fún un títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Kí a fi abẹ́rẹ́ méjì tó gbòòrò sí iṣan ọwọ́ rẹ̀, kí a fi wọ́n sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Kí a fún un ní oògùn ìrora, kí ó má ṣe jẹ, kí ó má ṣe mu. Àgbo kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu, kí a má sì dúró de ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà kí a tó gbéra.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í dúró dìgbà tí yóò bẹ́. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan, ó sì ti kárí ilẹ̀ náà ní 2013: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ń pé ọdún 65 á gba lẹ́tà pé kó wá ṣe síkáànù ikùn lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé iṣan rẹ̀ kò wú, ó parí nìyẹn, wọn kì í pè é mọ́. Bó bá wà láàárín 3 sí 4.4, wọ́n á máa wò ó lọ́dọọdún. Láti 4.5 dé 5.4, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham àti Manchester ń gba lẹ́tà yìí, àwọn kan nínú wọn sì ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ. Bí wọ́n bá sì rí i pé tiyín wú, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tó wà nílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí òun náà lọ ṣe síkáànù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló bí yín.

Ní Kwara, kò sí lẹ́tà tó máa wá sílé wa. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ń lọ ṣe síkáànù pròsítéètì lójoojúmọ́. Wọ́n ti dùbúlẹ̀ ná, wọ́n ti ká aṣọ sókè, jẹ́ẹ̀lì ti wà níkùn wọn. Bí ẹni tó ń ṣe é bá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà gòkè kọjá ìdodo, tó wọn olórí iṣan, tó sì kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ ìwé èsì, ó ti ṣe ohun tí lẹ́tà òyìnbó ń ṣe. Kò ní ná bàbá ní kọ́bọ̀ kan sí i.

Nípa ti bàbá tó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ̀ pé kó sùn. Ó ní dídákú yẹn kò yé òun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n béèrè ìfúnpá rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n gbé síkáànù kúrò ní yàrá aboyún wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì rí sẹ̀ǹtímítà 6.8. Dókítà ibẹ̀ gbé fóònù kó tó kọ lẹ́tà. Ohun tó sọ fún àwọn tó ń dúró ní Ìlọrin kò pẹ́: ọkùnrin, ẹni ọdún 68, ìrora ìhà òsì láti agogo márùn-ún ààbọ̀, ó dákú lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá òkè 88 tó máa ń jẹ́ 160, iṣan 6.8, ó ń sọ̀rọ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ O, kí wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọmọ mẹ́rin tó kún ẹnu ọ̀nà, ó ní kí àwọn tí irú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ O wọ ọkọ̀ kejì kí wọ́n máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n má sì yà síbì kankan.